Ọmọ mi ń lọ ka Másítà ní Leeds: yàrá wo ni kó gbà?

Ìyá Mosún, Òkèlérin
Ọjọ́ Ajé, aago 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, torí oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ mẹ́ta.

Mosún, àkọ́bí mi, ti rí ìwé ìgbaniwọlé gbà láti ka Másítà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan ni, oṣù kẹsàn-án ló máa bẹ̀rẹ̀. LAUTECH, yunifásítì ìlú wa níbí, ló ti gba dìgírì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò gbé Under G rí, kò gbé Adéníkẹ̀ẹ́ rí, àwọn àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Inú ilé wa níbí ló ti ń gun ọ̀kadà lọ sí kíláàsì títí tó fi jáde. Èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lò ní kám̀pù àgùnbánirọ̀ nìkan ló fi sùn láàárín àwọn tí n ò mọ̀. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ilé àbúrò mi ní Ìlọrin ló gbé títí tó fi sìnlú tán.

Ilé-ìwé ti ní kó mú ọ̀kan nínú yàrá méjì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àkọ́kọ́, yàrá tirẹ̀ ni, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà ni yóò jọ máa lo kíṣìnì kan. £165 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 44. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní studio: kíṣìnì kékeré wà nínú yàrá gan-an, kò ní bá ẹnikẹ́ni pín nǹkan kan. £240 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 51. Èyí ni Mosún fẹ́.

Owó ń dùn mí, n ò ní purọ́. Ilẹ̀ tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin la tà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Wọ́n ní ọkùnrin àtobìnrin lè jọ wà nínú èyí tí wọ́n ti jọ ń dáná. Ta ni mo mọ̀ nínú àwọn márùn-ún yòókù? Tó bá tún wá dá wà nínú studio, ta ni yóò mọ̀ bí ara ẹ̀ ò bá yá lóru? Ejẹ́ńtì tó bá wa ṣe ìwé náà tún ń sọ pé kí n san owó ilé sínú àkáǹtì òun, pé òun á bá wa san án lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Jagun, Leeds
Ọjọ́ Ajé, aago 9:02 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ejẹ́ńtì kúrò nílẹ̀: ẹ má san kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Orí ojú-òpó ilé-ìwé gan-an ni Mosún á ti fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ló ti máa sanwó, ibẹ̀ náà ló ti máa rí rìsíìtì. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó kó owó ilé ọdún kan fún ejẹ́ńtì nílé. Ìgbà tó gbé báàgì ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sọ fún un pé orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé àwọn. Orí ilẹ̀ yàrá ẹlòmíì ló sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó yẹn ò padà títí dòní.

Ní ti yàrá, ẹ má wo owó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo iye ọ̀sẹ̀. £165 lọ́nà 44 jẹ́ £7,260. £240 lọ́nà 51 jẹ́ £12,240. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £5,000 tó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 44 yẹn ní ìdẹkùn tirẹ̀, ìdẹkùn yẹn sì mú mi. Másítà ọdún kan kì í parí ní oṣù keje. Tí ìdánwò bá ti tán, iṣẹ́ ìwádìí ló kù tí wọ́n máa ń kọ títí di oṣù kẹjọ, nígbà mìíràn kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ 44 láti àárín oṣù kẹsàn-án, àárín oṣù keje ọdún kejì ló máa pé. Ìgbà tí ìwé kíkọ bá le jù lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ní kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Èmi fi ọwọ́ fa báàgì mẹ́ta, ìkòkò àti kúbùsù nínú òjò láti họ́sítẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn nítorí ọ̀sẹ̀ méje péré, mi ò sì kọ ìlà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹ ní kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé gbígbé lónìí, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ní yàrá oníkíṣìnì àjùmọ̀lò tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 51. Tí wọ́n bá ní i ní iye kan náà, £8,415 ni yóò jẹ́. Ó fi £1,155 ju ti ọ̀sẹ̀ 44 lọ, ṣùgbọ́n ó fi £3,825 dín sí studio. Kó bi wọ́n nínú lẹ́tà yẹn kan náà bóyá wọ́n ní fúláàtì tó jẹ́ obìnrin nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ní i, wọn kì í sì í fún èèyàn àfi tó bá béèrè.

Kò gbọdọ̀ kánjú buwọ́ lu ìwé o. Tó bá ti buwọ́ lù ú, kò ní lè jáde nínú ẹ̀ bó ṣe wù ú, àfi tó bá rí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó máa gba yàrá náà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò dà bí Under G, níbi téèyàn ti lè lọ bá láńlọ́ọ̀dù ní pálọ̀ kó bẹ̀ ẹ́.

Bàbá Ìbejì, Arówómọlé
Ọjọ́ Ajé, aago 9:47 àárọ̀

Ìyá Mosún, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí à ń sọ̀rọ̀ £8,000 bí ẹni tí kò ní èèyàn? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kún ìlú òyìnbó. Ìjọ wa ní èèyàn níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà níbẹ̀. Èèyàn laṣọ mi. Ẹ wá ẹbí kan tó ní yàrá, kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ wọn, kó máa fún wọn ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù. Yóò máa jẹ ọkà, yóò máa gbọ́ Yorùbá, ojú àgbà yóò sì máa wà lára ẹ̀. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí èmi lọ sí Ìbàdàn.

Bùkọ́lá, nọ́ọ̀sì, Manchester
Ọjọ́ Ajé, aago 12:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán sà, Bàbá Ìbejì. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ eléyìí, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nínú ìmọ̀ràn yín, ìmọ̀ràn yẹn kan náà sì ni màmá mi gbà.

Oṣù mẹ́rin ni mo gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ màmá mi nígbà tí mo wá kàwé. Wọn ò fi ìyà jẹ mí, ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ẹ̀ kí n má ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ẹni ẹlẹ́ni, ta ni yóò rí ọmọ kékeré tó ń sunkún tí kò ní gbé e? Ta ni yóò rí abọ́ nílẹ̀ tí kò ní fọ̀ ọ́? Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń jí, mo ń wẹ ọmọ méjì, mo ń mú wọn dé ilé-ìwé, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí tèmi. Tí mo bá dé lálẹ́, n ò lè tan iná kàwé nítorí ọmọ ń sùn nínú yàrá kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ àṣetiléwá kan náà. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ kó jáde, wọ́n rò pé ẹnì kan ló sọ̀rọ̀ àwọn láìdáa fún mi. Títí dòní, màmá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó wà nílé kì í mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ full-time, ìyẹn ẹni tí ìwé kíkà gba gbogbo àkókò rẹ̀, kì í san owó orí ilé tí wọ́n ń pè ní council tax, họ́sítẹ́ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í san án rárá. Iná, omi, ìgbónára yàrá àti íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà nínú owó họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nínú ilé ẹni ẹlẹ́ni, tí òtútù bá dé tí owó gáàsì lọ sókè, ojú yín ni wọ́n máa wò, bí wọn ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì, Arówómọlé
Ọjọ́ Ajé, aago 1:05 ọ̀sán

Ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. N ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n n ò gbà pé kó má mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó sun ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ ìlú, kí ẹnì kan tó mọ orúkọ bàbá ẹ̀ lọ pàdé ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Àkàndé
Ọjọ́ Ajé, aago 1:31 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, èmi Jámánì ni mo ń lọ. Ṣé bákan náà ni?

Káyọ̀dé, Jámánì
Ọjọ́ Ajé, aago 4:15 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, kì í ṣe bákan náà o. Níbí, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Studierendenwerk ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Owó wọn kéré sí ti àwọn onílé àdáni, nítorí náà ìlà tó wà níwájú ẹ gùn. Ọjọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé bá ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ ni kó o ti kọ orúkọ ẹ sílẹ̀, má dúró de físà. Èmi dúró de físà, ìgbà tí mo sì máa rí yàrá, mo ti lo oṣù márùn-ún nínú yàrá tí mo yá lọ́wọ́ àwọn tó rìnrìn àjò.

Nǹkan kan wà tó ṣe kókó: tó o bá ti wọ ilé, o ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ forúkọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Onílé gbọ́dọ̀ fún ẹ ní ìwé tó fi hàn pé o ń gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá tí onílé bá ní òun ò ní fún ẹ níwèé yẹn, má gbà á, bó ti wù kó dínwó tó, torí ọ̀pọ̀ nǹkan ló so mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn. Owó tó o máa tì pa nínú báǹkì kí wọ́n tó fún ẹ ní físà ti di €11,904 láti 2024. €992 ni wọ́n á máa tú sílẹ̀ fún ẹ lóṣù, inú ẹ̀ ni owó ilé ti máa jáde.

Wọ́n tún kórìíra ariwo lọ́jọ́ Àìkú. Gún iyán ẹ ní Sátidé.

Ìyá Mosún, Òkèlérin
Ọjọ́ Ajé, aago 7:50 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo sì tún un kà. Ọlọ́run á san án fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mosún ti kọ̀wé sí wọn lọ́sàn-án yìí nípa ọ̀sẹ̀ 51 àti fúláàtì obìnrin.

Ẹ ṣàlàyé kíṣìnì yìí fún mi. Ọmọ tó máa se ẹ̀fọ́ rírò, tó máa lo irú, tó máa ro ọkà, ṣé wọn ò ní lé e jáde? Àbúrò ọkọ mi ní wọ́n pe paná-paná sí òun nítorí ata dídín.

Ọmọ Jagun, Leeds
Ọjọ́ Ajé, aago 9:18 alẹ́

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà mà. Oṣù kọkànlá ni, aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ń yọ́ epo pupa kí n fi din ata. Ooru mú mi, mo fi àga gbé ilẹ̀kùn kíṣìnì sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, bí a ṣe ń ṣe nílé. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí aago iná fi dún ní gbogbo ilé náà. Gbogbo wa bọ́ síta, àwọn kan wọ sílípáàsì, ọmọ Ṣáínà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, omi ṣì ń kán lára irun ẹ̀, òtútù yẹn sì ń wọ eegun. Mo dúró láàárín wọn, n ò lè gbójú sókè.

Ọkùnrin tó wá pa aago náà ló kọ́ mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Nínú kíṣìnì họ́sítẹ́ẹ̀lì, ooru ni ẹ̀rọ tó wà lókè sábà máa ń ṣọ́, kì í ṣe èéfín. Èyí tó ń ṣọ́ èéfín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti inú yàrá ló wà. Ilẹ̀kùn tí mo ṣí ló tú èéfín mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ká ní mo ti ilẹ̀kùn, tí mo tan fáànù tó wà lókè sítóòfù, tí mo sì ṣí fèrèsé, ǹ bá ti dín ata mi tán ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, aago ò dún mọ́. Wọn kì í gbà kéèyàn tan àbẹ́là tàbí tùràrí nínú yàrá o, kódà bó jẹ́ àdúrà lèèyàn fẹ́ gbà. Kó lo tọ́ọ̀ṣì.

Ní ti òórùn irú, ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo bu ọbẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́, ó mu omi tó tó gálọ́ọ̀nù kan, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó wá béèrè ìgbà tí mo tún máa sè. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ gan-an ni abọ́ tí wọn ò fọ̀ àti fíríìjì. Ìpele kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ń ní. Kó máa fi ọbẹ̀ sínú kóòlà kékeré, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ní kóòlà kan, kó kọ orúkọ sí i. Ìkòkò ọbẹ̀ ńlá tí à ń gbé kaná láràárọ̀ kò lè wọ ibẹ̀.

Ìyá Alákà, Sábó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 àárọ̀

Ìyá Mosún, mo ní ìkòkò alumíníọ̀mù tó dáa ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ọmọ fi lè ro ọkà fún ẹni méjì. N óò fún yín ní méjì, ẹ má mówó wá. Ọmọ yín ọmọ mi ni.

Abídèmí, Sheffield
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:12 àárọ̀

Ìyá Alákà, ẹ ṣeun gan-an, mo mọ ṣọ́ọ̀bù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Mosún kọ́kọ́ béèrè irú sítóòfù tó wà níbẹ̀. Òmíràn wà tí ojú ẹ̀ jẹ́ díńgí, induction ni wọ́n ń pè é, ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì lè lẹ̀ mọ́ nìkan ló ń gbóná lórí ẹ̀. Alumíníọ̀mù lásán yóò jókòó síbẹ̀ tutù mini ni. Ìkòkò mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ di ohun tí mo ń tọ́jú àlùbọ́sà sí fún ọdún kan. Ọmọrogùn ni kí ẹ fún un. Ìyẹn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, ṣíbí onígi wọn sì ń kán nínú ọkà.

Mosún
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ni Mosún. Màámi fi ojú-ewé yìí hàn mí láàárọ̀ yìí.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi mú studio. Kì í ṣe fáàrí. Nílé wa, yàrá kan ni èmi àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta ń sùn. N ò kà á sí ìyà, mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ilẹ̀kùn tí mo lè tì rí. Ìwé tí mo fi jáde ní LAUTECH, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ni mo ti kà á, tí ilẹ̀ bá ṣú, n óò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màámi kí n lè rí iná. Mo kàn ń rò ó pé fún ọdún kan péré, mo fẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní pè mí wá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ilẹ̀ bàbá wa ni. Tí ó bá jẹ́ pé mo ṣìnà, ẹ sọ fún mi.

Abídèmí, Sheffield
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:44 ọ̀sán

Mosún, o ò ṣìnà. Ohun tó o fẹ́ yẹn dáa, ó sì tọ́ sí ẹ. Ìdí tí èmi náà fi gba studio nìyẹn. Jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún mi, kó o lè mọ ohun tó ò ń mú.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn. Mo ti ilẹ̀kùn mi, mo sè, mo kàwé, mo sùn nígbà tó wù mí. Ní Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, wọ́n dá aago padà sẹ́yìn wákàtí kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tí oòrùn ti wọ̀. Kíláàsì parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé kérésìmesì, gbogbo ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọ̀sán. Tí àwọn ará ilé bá pè, mo máa ń sọ pé ara mi yá, mo máa ń yí fóònù sí ibi tí ògiri ti mọ́ kí wọ́n má rí yàrá.

Ibà wá gbé mi dè fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọdún tuntun. Mosún, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko n ò gbọ́ ohùn èèyàn tó pe orúkọ mi. N ò mọ̀ pé mo lè pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún àìsàn tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. 999 nìkan ni mo mọ̀, mo sì rò pé ìyẹn fún ẹni tó fẹ́ kú. N ò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò torí mo rò pé wọ́n á gba owó, bẹ́ẹ̀ mo ti san owó ìlera mọ́ físà láti ilé. £776 lọ́dún ni ti akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. O ti san án, lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó o bá dé.

Ọdún kejì, mo kó lọ sí èyí tí a ti jọ ń lo kíṣìnì. Mo ṣì ní ilẹ̀kùn tí mo ń tì. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó o gbọ́: yàrá yẹn tì, balùwẹ̀ yẹn tìẹ ni, kò sẹ́ni tó máa wọlé wá bá ẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá jáde lọ bu omi, ẹnì kan á wà níbẹ̀ tó ń se ìrẹsì, á ní, "O ò tíì jẹun?" Ọmọ Índíà kan wà lára wa, tó bá ti pé ọjọ́ méjì tí kò rí mi ní kíṣìnì, á wá kan ilẹ̀kùn. Kì í wọlé. Á kàn dúró síta, á béèrè, n óò dáhùn, á lọ.

Ìyá Mosún, Òkèlérin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:20 ọ̀sán

Abídèmí, mo sunkún. Ṣé màmá ẹ mọ̀?

Abídèmí, Sheffield
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:41 ọ̀sán

Wọ́n mọ̀ báyìí mà. Ẹ fi ọjọ́ àti aago tí ẹ ó máa pè é lé ilẹ̀ kó tó lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago tiwa àti tiwọn dọ́gba. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta, wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ń ṣáájú wọn. Tí ẹ bá pè é ní mẹ́jọ alẹ́ yín, méje ni lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ máa ní kó yí fóònù káàkiri yàrá.

Bùkọ́lá, nọ́ọ̀sì, Manchester
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:05 alẹ́

Mosún, mo rántí abẹ́ igi máńgòrò tìẹ. Tèmi, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà kó o ṣe kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ẹ́ kọjá ibẹ̀ nítorí owó studio. Mo rí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá dáa, wọn kì í sí nínú ẹ̀.

Ìyá Mosún, Òkèlérin
Ọjọ́bọ̀, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ́fíìsì ilé ti fèsì. Wọ́n ní yàrá oníkíṣìnì àjùmọ̀lò tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 51, ní £165 náà, nínú fúláàtì obìnrin márùn-ún. Mosún fúnra rẹ̀ ló ní kí a gbà á. Ó bi wọ́n bóyá kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ní ó wà. Ó fọwọ́ sí i lánàá, a sì san owó àkọ́kọ́ lórí ojú-òpó ilé-ìwé, rìsíìtì ti dé. Ejẹ́ńtì ń bínú. Bàbá Ìbejì ti bá wa rí ọmọ ìjọ kan tó máa lọ pàdé ẹ̀ ní Heathrow.

Ó ku ẹrù. Mo ti lọ èlùbọ́, mo ti gún ata, mo fẹ́ yan ẹran ìgbẹ́ fún un. Kí ni kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì yìí?

Ọmọ Jagun, Leeds
Ọjọ́bọ̀, aago 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire mà! Ẹran ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ì báà yan, ì báà gbẹ, àti wàrà pẹ̀lú wàràkàṣì. Wọ́n máa gbà á dànù ni. Ẹ fi ẹja gbígbẹ dípò ẹ̀. Èlùbọ́, gààrí, irú tó gbẹ, ẹ̀gúsí lílọ̀, ẹ dì wọ́n dáadáa kó má tú, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú kóówá sí ara ọ̀rá. Ẹ má kó èlùbọ́ ju kílò mẹ́ta lọ, ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa wà ní Leeds. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin tiwa bá tiwọn mu, kò nílò ádápítọ̀.

Wọ́n á fún un ní bẹ́ẹ̀dì àti mátírẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í fún èèyàn ní bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ìrọ̀rí tàbí kúbùsù. Ọjọ́ wo ló máa dé? Tó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé, kó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í ṣí ju wákàtí mẹ́fà lọ lọ́jọ́ Àìkú. Alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, mátírẹ́ẹ̀sì onírọ́bà lásán ni mo sùn lé, mo fi jákẹ́ẹ̀tì bora.

Ìyá Mosún, Òkèlérin
Ọjọ́bọ̀, aago 7:03 alẹ́

Alẹ́ Sátidé gan-an ni bàálù ẹ̀ máa balẹ̀. Mo ti yọ ẹran kúrò. Mo ká ìró àdìrẹ mi méjì sínú báàgì tó máa gbé lọ́wọ́, ọ̀kan fún títẹ́, ọ̀kan fún bíbora.